Kíkó sáìtì lọ sórí ìkànnì ẹ̀kọ́: ẹrù wo ni kí n kọ́kọ́ dì?

Ìyá Abẹ́rẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún keje rèé tí mo ti ní sáìtì. WordPress, ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì, ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá mi ṣe é ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Aṣọ rírán ni mò ń kọ́ èèyàn. Bébà àwòṣe tí wọ́n fi ń gé aṣọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọjà níbẹ̀, mo wá ń kọ àlàyé sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, fídíò wọ ọ́, àwọn èèyàn ń sanwó ẹ̀kọ́, títí ó fi di pé ẹ̀kọ́ gan-an ni ọjà, bébà ti di ènì. Bí ẹrù náà ṣe pọ̀ tó nìyí: àlàyé 140, ẹ̀kọ́ 3 tí páswọ́ọ̀dù tì pa, akẹ́kọ̀ọ́ 260, 41 nínú wọn ń sanwó lóṣooṣù.

Ó ti sú mi, kí n má parọ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí plugin kan, ìyẹn ètò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ WordPress, kò ní ní kí n tún òun ṣe. Bí mo bá tún èyí ṣe, tọ̀hún á dákú. Lóṣù tó kọjá, ojú ewé ìsanwó kọṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èmi ò mọ nǹkan kan, akẹ́kọ̀ọ́ ló pè mí. Mo wá rí ìkànnì ẹ̀kọ́ kan tó ní òun á máa bá mi ṣe fídíò, owó àti ìwé ẹ̀rí pọ̀ lójú kan. Ẹni tó ń dá mi lóhùn níbẹ̀ ní ọjọ́ méjì ni gbogbo rẹ̀ á gbà. Ọkàn mi kò gbà á gbọ́.

Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ ni, àbí ẹ̀kọ́ nìkan? Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe? Àwọn tó ti sanwó tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Àkànní Onísáìtì

Ẹ kú làálàá, mà. Ọjọ́ méjì tí wọ́n sọ yẹn, ti ẹni tí kò ní ẹrù ni.

Okùn mẹ́ta ni ẹni tó bá yín ṣe sáìtì so pọ̀, ẹ jẹ́ ká tú u. Ọ̀kan ni domain, ìyẹn orúkọ tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín. Èkejì ni hosting, ilẹ̀ tí ẹ háyà tí ilé dúró lé. Ẹ̀kẹta ni ẹrù inú ilé: àlàyé, fídíò, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lè máa san owó gbogbo rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, síbẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹrù ló ń lọ. Orúkọ yín kò ní ìdí tí yóò fi kúrò níbi tó wà.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ lọ wò ó bóyá orúkọ yín ni wọ́n fi ra domain yẹn, àbí orúkọ ẹni tó bá yín ṣe é. Ẹ wo íméèlì tó wà níbẹ̀ náà, ṣé ẹ ṣì ń lò ó? Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, ẹ wá a kàn báyìí tí kò tíì sí ìjà, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Tí ìkànnì náà bá ní kí ẹ gbé domain wá sọ́dọ̀ òun, ẹ dúpẹ́, kí ẹ má gbé e. Orúkọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, wọ́n sábà máa ń tì í pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tún ṣeé gbé. Ìkànnì tí ẹ kò bá fẹ́ràn mọ́ á wá di orúkọ yín mú sọ́wọ́.

Ohun tí èmi máa ṣe ni pé kí ilé iwájú dúró síbi tó wà, kí n kọ́ yàrá ẹ̀kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan síwájú orúkọ yín, ká ní *eko*, àmì dọ́ọ̀tì (.), kí orúkọ yín wá tẹ̀ lé e. Ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní CNAME lẹ máa fi kún DNS, ìyẹn àwọn ìlà tó ń júwe ibi tí orúkọ yín ń darí èèyàn sí, yóò sì júwe ìkànnì ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá tẹ *eko* yẹn. Ìlà tó kù, ẹ má fọwọ́ kàn án. CNAME kì í jókòó sórí orúkọ tó dá wà láìní nǹkan níwájú, torí àwọn ìlà mìíràn ti wà níbẹ̀ tí kò lè bá gbé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi máa ń béèrè *www* tàbí irú *eko* yìí.

Tó bá jẹ́ ìlà tó ti wà tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ yí padà, ẹ wo TTL rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ìyẹn iye àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà míì fi ń rántí ìlà náà kí wọ́n tó tún béèrè. Ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kà á. 86400 ni odindi ọjọ́ kan. Ẹ sọ ọ́ di 300, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún, kó lè jẹ́ pé tí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ kò ní jókòó dúró di ọjọ́ kejì kí àtúnṣe tó délé gbogbo èèyàn.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà

Kí ẹ tó fọwọ́ kan DNS, ẹ ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Olùkọ́ Alẹ́

Èmi kó lọ́dún tó kọjá. Ìṣirò owó ni mò ń kọ́ni. Fídíò kò yọ mí lẹ́nu rárá, èèyàn ló yọ mí lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ pé páswọ́ọ̀dù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kò lè bá yín lọ? Sáìtì tó mọ iṣẹ́ kì í tọ́jú páswọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó ti lọ̀ ọ́ kúnná, ẹni tó lọ̀ ọ́ gan-an kò lè kó o jọ padà. Ìyẹn ni pé àwọn 260 yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló máa ṣe tuntun. Àṣìṣe tèmi ni pé mo tẹ bọ́tìnnì ìpè lálẹ́ ọjọ́ kan, ìkànnì bá fi íméèlì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, láti àdírẹ́sì tí wọn kò rí rí. Wọ́n ní gbájúẹ̀ ni. Ọ̀kan tiẹ̀ pè mí láti fi tó mi létí pé àwọn kan ti ń lo orúkọ mi fi lu jìbìtì! Ẹ fi íméèlì tí wọ́n mọ̀ mọ́ yín kọ́kọ́ ṣàlàyé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sọ àdírẹ́sì tí ìpè náà máa gbà wọlé. Lẹ́yìn náà kí ẹ pín wọn: 20 lónìí, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, kí ẹ tó ṣe 50.

Èkejì, orúkọ. Mo gba àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní CSV, ìyẹn fáìlì tó to orúkọ sí ìlà àti òpó, mo ṣí i nínú Excel láti yọ àwọn tó ti lọ, mo tọ́jú rẹ̀, mo gbé e sókè. Lọ́jọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń jẹ́ Ṣadé rí lẹ́tà tó kí i báyìí: «Ẹ káàbọ̀, á¹¢adÃ©». Ojú tì mí. Fáìlì náà kò bàjẹ́ nígbà tí mo gbà á. Excel ló ka UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà alámì, bí ẹni tó ń ka èdè mìíràn, èmi sì fi ọwọ́ ara mi tọ́jú ìkàkukà yẹn. Ẹ má kàn tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí. Ẹ ṣí Excel fúnra rẹ̀, kí ẹ gba ojú Data wọlé, kí ẹ mú UTF-8 níbi tó bá ti béèrè. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ «CSV UTF-8» sí ni kí ẹ mú. Google Sheets kì í fún mi ní wàhálà yìí. Ẹ̀yin tí orúkọ àwọn èèyàn yín kún fún àmì, ẹ fi orúkọ márùn-ún dán an wò kí ẹ tó kó gbogbo rẹ̀.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ka ẹ̀kọ́ dé náà kì í sábà bá ẹrù lọ. Ìkànnì tuntun kò mọ̀ pé ẹnìkan ti dé ẹ̀kọ́ 9. Tí ẹ bá wá fi ṣe é pé ẹ̀kọ́ 2 kò ní ṣí àfi tí èèyàn bá parí ẹ̀kọ́ 1, inú á bí àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́. Ńṣe ni mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn ti tẹ́lẹ̀.

Bàbá Ọ̀fẹ́

Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ràn ilé háyà tó báyìí? Moodle, ètò ìkànnì ẹ̀kọ́ tí ẹ lè gbé sórí hosting tiyín, ti wà láti 2002, ọ̀fẹ́ ni, tiyín ni, kò sí ẹni tó máa fi owó kún háyà yín. Tí ẹ kò bá fẹ́ kúrò nínú WordPress, LearnDash, plugin ẹ̀kọ́ kan, wà tí ẹ lè fi kún un.

Ìyá Abẹ́rẹ́

Bàbá, ẹ ṣé, àmọ́ plugin ló lé mi jáde nílé, ẹ tún ní kí n lọ mú òmíràn wá.

Bàbá Ọ̀fẹ́

Ó dáa, mo gbà fún yín. Moodle náà ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kò yẹ kí n fi ìyẹn pamọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọlé, ẹ béèrè ọ̀nà àbájáde. Ẹ lo ọjọ́ ìdánwò ọ̀fẹ́ wọn, ẹ fi ẹ̀kọ́ kékeré kan àti akẹ́kọ̀ọ́ irọ́ méjì síbẹ̀, kí ẹ wá gbìyànjú láti kó wọn jáde. Ṣé àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde pẹ̀lú íméèlì wọn? Ìbéèrè ìdánwò ńkọ́, àbí ẹ óò tún un tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ sábẹ́ fídíò? Níbi tí mo ti ṣe irú rẹ̀, fídíò ló jáde, ìbéèrè kò jáde, mo sì ti kọ ìbéèrè tó ju 200 lọ.

Ẹ má sì ṣe da ìkànnì tí ẹ ń sanwó fún pọ̀ mọ́ ọjà bíi Udemy. Lórí Udemy, oníbàárà ọjà ni akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin jẹ́ alátẹ. Wọn kì í fún olùkọ́ ní íméèlì akẹ́kọ̀ọ́. Lórí irú Teachable, Thinkific tàbí Podia, àkọsílẹ̀ yẹn wà lọ́wọ́ yín.

Arígbọ̀wọ́

Ẹnu Bàbá Ọ̀fẹ́ tí mò ń gbọ́ yìí, ó yà mí lẹ́nu. Bàbá gbà fún èèyàn!

Kọ̀wékọ̀wé

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àlàyé 140 yẹn, torí pé wọ́n ń gbójú fò ó. Ọdún keje rèé tí Google ti ń gba ibẹ̀ mú èèyàn wá bá yín. Ẹ má kó o lọ síbì kankan. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ẹ̀kọ́, kíkọ àlàyé kì í ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n kàn ya igun kan sọ́tọ̀ fún un ni. Èrò Àkànní ni tèmi náà: ilé iwájú kó dúró, kí ẹ̀kọ́ lọ sí yàrá ẹ̀gbẹ́.

Ojú ewé tó bá wá lọ, bíi èyí tí ẹ fi ń polówó ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi 301 sílẹ̀ níbẹ̀. 301 túmọ̀ sí pé ó ti kó lọ pátápátá, ibi tó wà nìyí. 302 wà tó túmọ̀ sí pé ó lọ, ó ń bọ̀. Ẹ má lo ìyẹn. Ẹ ṣe ìwé kan tó ní òpó méjì: àdírẹ́sì àtijọ́ lápá òsì, tuntun lápá ọ̀tún, ojú ewé kan sí ojú ewé kan. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn kó darí gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, kó sì lọ sinmi. Google lè ka irú ìdarí bẹ́ẹ̀ sí òkú ojú ewé, ẹni tó sì ń wá ẹ̀kọ́ bùbá á bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní mọ yàrá tó kàn. Google fúnra rẹ̀ ní kí ìdarí náà wà níbẹ̀ fún ọdún kan, ó kéré tán. Tèmi ni pé kí ẹ má yọ ọ́ láé, kò jẹ yín ní nǹkan.

Ojú ewé tí páswọ́ọ̀dù tì pa, Google kò mọ̀ ọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n, wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù. Ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé òpó méjì yín.

Ìṣirò Ò Parọ́

Owó ló kù. Nọ́ńbà káàdì àwọn 41 yẹn kò sí lórí sáìtì yín, ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá yín gba owó, bíi Stripe tàbí PayPal. Nítorí náà, ẹ bi ìkànnì yẹn ní ìbéèrè kan: ṣé Stripe tèmi ni mo máa so mọ́ ọn, àbí àpò owó tiyín ni owó á kọ́kọ́ gbà? Tó bá jẹ́ àpò tiwọn, gbogbo 41 ló máa tún káàdì tẹ̀. Tó bá jẹ́ tiyín, káàdì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé sísan oṣooṣù á sún lọ fúnra rẹ̀. Ètò tí sáìtì àtijọ́ dá sílẹ̀, tuntun kì í sábà mọ̀ ọ́n.

Jàǹbá tó wà níbẹ̀ ni gbígba owó ẹni lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dáwọ́ ti àtijọ́ dúró fún ẹnìkan lọ́jọ́ tí oṣù rẹ̀ bá pé, kí tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn 41 kò pọ̀ jù láti fi ọwọ́ ṣe. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ́fẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó ẹsẹ̀, á dín ariwo kù. Ẹ má sì ti àkáǹtì ìsanwó àtijọ́ pa, torí ẹni tó bá ní kí ẹ dá owó òun padà lóṣù méjì sí i, inú àkáǹtì tó gbà á nìkan lẹ ti lè dá a padà.

Ẹ wo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì náà. Tó bá jẹ́ ìkànnì ló ń tà á lórúkọ ara rẹ̀, òun ló ni wàhálà owó orí níbi púpọ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ yín, ẹ̀yin ni. Bí àpẹẹrẹ, láti 2015 ni ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí VAT, ìyẹn owó orí ọjà, lórí irú ọjà ayélujára báyìí máa tẹ̀ lé ibi tí oníbàárà ń gbé, kì í ṣe ibi tí òǹtajà wà.

Ìyá Abẹ́rẹ́

*(lẹ́yìn ọjọ́ 9)*

Ẹ gbà mí o.

Domain wà lórúkọ mi, ọpẹ́ ni. Mo wá fídíò jọ, mo rí i pé 11 nínú wọn, èyí tó wà lórí sáìtì nìkan ló kù, ojúlówó rẹ̀ ti bá kọ̀ǹpútà kan tó kú lọ. Mo gbà wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣú díẹ̀ ṣùgbọ́n èèyàn ṣì ń rí ojú abẹ́rẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. CNAME ò tètè dáhùn, mo kọ̀wé sí àwọn olùrànlọ́wọ́ ìkànnì, wọ́n ní kí n pààrọ̀ nameserver sí tiwọn, pé ìyẹn ló yá jù. Mo pààrọ̀ rẹ̀. *Eko* ṣí lóòótọ́. Láti àná, íméèlì kankan kò wọlé fún mi. Mo rò pé àwọn èèyàn kàn dákẹ́ ni, títí àbúrò mi fi pè mí pé lẹ́tà òun padà sọ́dọ̀ òun.

Àkànní Onísáìtì

Áà. Nameserver ni ìwé tí gbogbo ìlà DNS wà nínú rẹ̀. Ìlà kan lẹ fẹ́ fi kún ìwé, wọ́n ní kí ẹ ju ìwé náà nù kí ẹ gba òfìfo. Ìlà MX, tó ń sọ ibi tí íméèlì máa balẹ̀ sí, wà nínú ìwé àtijọ́.

Ẹ dá nameserver padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ìwé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá lo fọ́tò tí Àǹtí Kọ̀ǹpútà ní kí ẹ yà, kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ ya fọ́tò náà, àbí?

Ìyá Abẹ́rẹ́

Mo yà á. Ọlọ́run á bá mi kẹ́ Àǹtí Kọ̀ǹpútà.

Àkànní Onísáìtì

Ó tán. Tí íméèlì bá ti ń wọlé, ẹ wo ìlà SPF náà. Ìlà TXT ni, *v=spf1* ló fi ń bẹ̀rẹ̀, òun ló ń sọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ yín kọ lẹ́tà. Ìkànnì ẹ̀kọ́ á ní kí ẹ fi tòun síbẹ̀. Ẹ má dá a kọ lọ́tọ̀ o! SPF kan ṣoṣo ni domain kan gbọ́dọ̀ ní, méjì kò ṣiṣẹ́. Inú ti tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ ki *include* tiwọn bọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe DKIM tí wọ́n bá fún yín, òǹtẹ̀ tó ń jẹ́rìí pé lẹ́tà ti ọ̀dọ̀ yín wá, àti DMARC, ìlà tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí lẹ́tà tí kò bá ìwọ̀nyí mu. Láti oṣù kejì 2024 ni Google àti Yahoo ti ń mú ọ̀rọ̀ yìí le, pàápàá fún ẹni tó ń fi lẹ́tà tó pọ̀ ránṣẹ́, ìpè akẹ́kọ̀ọ́ yín sì lè balẹ̀ sínú spam tí ìwọ̀nyí kò bá sí.

Ìyá Abẹ́rẹ́

*(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7)*

Mo padà wá jíṣẹ́ o. Nínú 260, 212 ti wọlé sí ibi tuntun. Mo pín ìpè sí 20, 20, bí Olùkọ́ Alẹ́ ṣe wí. Nínú àwọn tó ń san lóṣooṣù, 36 ló bá mi lọ nínú 41. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ mẹ́ta nínú àwọn tó kù ti tó ọdún kan tí wọn kò fojú kan ẹ̀kọ́, owó wọn kàn ń lọ ni. Orúkọ Ṣẹ̀yẹ, Ẹniọlá àti Ọ̀ṣọ́ wọlé pé pérépéré pẹ̀lú àmì lórí.

Màmá àgbà kan wà nínú akẹ́kọ̀ọ́ mi tí kì í ka íméèlì. Líǹkì tó tọ́jú sórí fóònù rẹ̀ láti ọdún kẹta ló máa ń tẹ̀. 301 gbé e lọ sí ibi tuntun, ó bá pè mí, ó ní: «Olùkọ́, ṣé ẹ kun ilé ni?» Orí fóònù la ti jọ ṣe páswọ́ọ̀dù rẹ̀ tuntun.

Àlàyé 140 ṣì wà lórí WordPress bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Mo yọ gbogbo plugin tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ àti ìsanwó. 31 ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ó ku 6. Àná ni ọ̀kan nínú wọn ní kí n tún òun ṣe. Mo tún un ṣe, mo jókòó tì í fún wákàtí kan, mò ń retí ohun tó máa bàjẹ́. Kò sí.